Ta Ni Ìyá Aránṣọ Koko?

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé wọ́n ń bá mi so okùn ṣòkòtò, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà mi, ìyá tó bí bàbá mi, ni mò ń gbé ní Akpassi, níhìn-ín ní orílẹ̀-èdè Benin. Olùkọ́ ni bàbá mi, ìjọba sì ń gbé e kiri láti ìlú dé ìlú, ìyá mi a sì máa tẹ̀ lé e. Àwọn méjèèjì ló pinnu pé kí n dúró ti ìyá àgbà kí ilé má baà ṣófo. Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ka èyí, ẹ kò bá a láyé. Obìnrin gíga ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí o bá ṣe ohun tí kò dára, kò ní nà ọ́. Yóò kàn wò ọ́, ìwọ fúnra rẹ ni wàá lọ wá ìgbálẹ̀ tí wàá máa gbálẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán ọ.

Lọ́dọọdún, tí a bá ti wa iṣu tuntun, ó máa ń ṣa làbókò tó dára jù sọ́tọ̀, irú èyí tí àwọn mìíràn ń tọ́jú de àlejò, yóò kó o sínú apẹ̀rẹ̀, a ó sì forí lé Koko. Ẹsẹ̀ la fi ń rìn ín. Kì í sọ ibi tí à ń lọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé. Tí a bá sì dé ọjà Koko, kì í pàtẹ. Abẹ́ igi máńgòrò ńlá kan ni yóò jókòó sí, tó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan. Ọkùnrin tó ń ránṣọ níbẹ̀ ju bàbá mi lọ díẹ̀ lójú tèmi. Ìyá àgbà yóò máa wò ó bí ẹní ń wo òjò tó ṣú lókèèrè, tí kò mọ̀ bóyá yóò rọ̀. Nígbà tó bá yá, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iṣu náà lé mi lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Á ní, “Gbé e fún un. Tó bá bi ọ́ pé ta ló rán ọ, wí pé ẹni tó ń kọjá lọ ni.”

Mo máa ń lọ, mo máa ń bọ̀. Mo rò pé eré ni. Ìgbà tí mo dàgbà ló yé mi pé bí mo bá kó gbogbo iṣu náà lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àkókò tí yóò fi wò ó kò ní tó.

Ọdún tí mo fẹ́ wọ ilé ìwé ni nǹkan bàjẹ́. Iṣu wà lọ́wọ́ mi, mo ti dé iwájú ẹ̀rọ ọkùnrin náà, nígbà tí ìyá arúgbó kan jáde láti inú agbo ilé tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Kò wo èmi rárá. Ìyá àgbà mi lábẹ́ igi ló ń wò.

Ó pariwo pé, “Ìwọ obìnrin yìí! A ò ti kìlọ̀ fún ọ pé kí o má tẹsẹ̀ bọ ibí mọ́? Kí lo tún ń wá lára ọmọ yìí?”

Ó gbá iṣu náà dànù lọ́wọ́ mi, ó ṣubú, ó dá sí méjì. Ọ̀dọ́bìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Aránṣọ náà dìde. Ó wo ìyá arúgbó náà, ó wo ìyá àgbà mi. Gbogbo ọjà ló ń wò wá. Ìyá àgbà mi wá fà mí lọ́wọ́, a sì yí padà. Nígbà tí a jìnnà sí ìlú, ó dúró.

Ó ní, “Ohun tí ojú rẹ rí lónìí, inú rẹ ni kó máa gbé.”

A kò lọ sí Koko mọ́. Ilé ìwé ni mo wà ní Savalou nígbà tó kú. N kò bi í léèrè rí, nítorí pé láyé ìgbà yẹn, bí àgbà bá ti ní kí ọ̀rọ̀ wà nínú, ó ti wà nínú nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà ìbá sì bá mi wọ sàréè, bí kì í bá ṣe ti àbígbẹ̀yìn mi. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Savalou ni arábìnrin yín ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Níbẹ̀ ló ti pàdé ọ̀dọ́kùnrin kan, ọmọ Koko, tó ń so iná oòrùn mọ́ òrùlé ilé àwọn ènìyàn. Ọmọ náà níwà. Ìgbà àkọ́kọ́ tó wá sílé wa ní Bantè, kí ó tó jókòó ló ti rí i pé ilẹ̀kùn ilé ìdáná kò pa dé mọ́, ó sì tún un ṣe. Ìyá yín gba tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Èmi náà gbà. A dá ọjọ́ tí àwọn ará ilé rẹ̀ yóò wá mọ̀ wá.

Wọ́n wá lóòótọ́. A kí ara wa, a rẹ́rìn-ín, a gbé obì kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ náà, tó jẹ́ olórí wọn, dìde láti sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Ó ní ọmọ aránṣọ ni àwọn. Ó ní bàbá àwọn ló kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ dé Koko, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló sì dojú kọ igi máńgòrò ńlá inú ọjà.

Mo rí igi náà lójú mi. Mo rí iṣu tó dá sí méjì nílẹ̀.

Mo bi í pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ìyá tó bí bàbá yín ńkọ́?”

Ojú rẹ̀ le díẹ̀. Ó ní, “A kò mọ̀ ọ́n. Obìnrin Akpassi kan ni wọ́n pè é. Ó fi bàbá wa sílẹ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, ó lọ fẹ́ ọkọ mìíràn. Bàbá wa kì í fẹ́ gbọ́ nípa rẹ̀.”

Kí ni ǹ bá ṣe? Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbé mì. Níwájú gbogbo wọn ni mo ti sọ ohun tí mo rí nígbà èwe mi. Bí mo ti ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ àwọn tó ti nà sí obì padà sẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ pé ìyá àgbà mi ló bí aránṣọ náà, a jẹ́ pé inú kan náà ni òun àti bàbá mi ti jáde, ìyàwó àti ọkọ tí à ń wò yìí sì jẹ́ ẹ̀jẹ̀ kan. Èèwọ̀ ni, lọ́dọ̀ wa àti lọ́dọ̀ wọn.

Olórí wọn gbé fìlà rẹ̀. Ó ní, “Ẹ wádìí tiyín, ká wádìí tiwa. Kí oṣù yìí tó parí, ká mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dúró. Bó bá rí bí a ṣe rò ó, ká pín wọn níyà kó tó pẹ́ jù.”

Wọ́n lọ. Obì wà nínú àwo bí a ṣe gbé e kalẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìyá yín bá mi lẹ́yìn ilé.

Ó ní, “Bàbá wọn, ó ti pẹ́ jù. Ọmọ yín ti fẹ́ra kù.”

Láti ọjọ́ náà lọ, n kò fẹ́ jáde mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá kí mi lójú pópó, ẹ̀rù á bà mí pé ó ti gbọ́.

Inú àpótí bàbá mi ni mo ti kọ́kọ́ wá. Mo rí ìwé ìbí kan tí wọ́n ṣe fún ìyá àgbà nígbà tó ti darúgbó. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Kò sí ọjọ́ ìbí níbẹ̀, “ní nǹkan bí ọdún báyìí” ni wọ́n kọ, wọ́n sì kọ pé ọmọ Akpassi ni. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, àti ti bàbá rẹ̀, àti ti bàbá àgbà mi tó fẹ́ ẹ. Ó parí síbẹ̀. Bí ẹ bá ka ìwé náà, ẹ ó rò pé kò sí láyé títí di ọjọ́ tó wọ ilé bàbá àgbà mi. Mo mú un lọ sí mèrí, ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ní Bantè. Akọ̀wé ibẹ̀ fi sùúrù bá mi wá a, ṣùgbọ́n kò rí ju ohun tí mo mú wá lọ. Ó ní kí n lọ wo ìwé ìrìbọmi àtijọ́ ní Savalou, pé ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò sí nínú ìwé ìjọba wà nínú ti ìjọ.

Arábìnrin yín ló gbé mi sẹ́yìn alùpùpù rẹ̀ nígbà tí mo dé Savalou. Àlùfáà gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, ó gbé ìwé náà sílẹ̀ fún wa, ìwé ńlá tí etí rẹ̀ ti ń já, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń rùn bí igi àtijọ́. A ṣí i títí a fi rí aránṣọ náà. Ó ti tó ọkùnrin nígbà tó ṣe ìrìbọmi, nítorí àtigbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Orúkọ bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀. Orúkọ ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e, wọ́n sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé ó ti kú.

Orúkọ náà kì í ṣe orúkọ ìyá àgbà mi.

Arábìnrin yín dì mọ́ mi lọ́rùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ṣùgbọ́n ara tèmi kò balẹ̀. Obìnrin àtijọ́ lè ní orúkọ púpọ̀: èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, èyí tí ilé ọkọ fún un, èyí tí ó gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Orúkọ tó wà nínú ìwé yìí dún bíi ti àwọn Máhì, ẹ̀yà tó bá wa pààlà, ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ará wa ni kò ní orúkọ Máhì? Pé ó ti kú ńkọ́? Ṣé ìyá arúgbó tó gbá iṣu dànù lọ́wọ́ mi kò lè sọ fún àlùfáà pé ẹni tó wà láàyè ti kú?

Mo bi àlùfáà bóyá ohun tó wà nínú ìwé náà dá a lójú. Ó ní, “Bàbá, ohun tí wọ́n bá sọ fún ẹni tó ń kọ ọ́ náà ló máa kọ.”

A jáde. Arábìnrin yín jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó di ikùn rẹ̀ mú.

Ó ní, “Bàbá, ká ní ọ̀kan náà ni wá, kí ni kí n sọ fún ọmọ yìí tó bá dàgbà? Ta ni mo máa pe bàbá rẹ̀?”

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti dúró níwájú kíláàsì títí irun mi fi funfun. Ìbéèrè tí n kò lè dáhùn kò wọ́pọ̀. Ti ọjọ́ náà wà lára wọn, mo sì jókòó tì í lórí àtẹ̀gùn.

Ọ̀dọ́kùnrin náà ló wá pè wá lórí fóònù. Òun náà ti ń bi àwọn ará ilé rẹ̀, ó sì ti gbọ́ pé ó ku ẹnì kan tó lè mọ̀. Aránṣọ ní àbúrò obìnrin kan, ọmọ bàbá rẹ̀, tó lọ́kọ sí Djaloukou. Ó ti darúgbó gan-an, ó sì ti pẹ́ tí ìjà ìdílé ti gé e kúrò lára wọn. Ìyá tó bí i ni ìyàwó kejì nínú ilé náà. Bí ó ti sọ èyí ni mo mọ ìyá náà. Òun ni obìnrin tó lé wa lọ́jà Koko.

A kò jẹ́ kó di ọjọ́ kejì. Àwa mẹ́ta la lọ, èmi lẹ́yìn arábìnrin yín, ọ̀dọ́kùnrin náà lórí alùpùpù tirẹ̀. A ra epo lọ́wọ́ ará Nàìjíríà kan lẹ́bàá ọ̀nà. Ó ń yọ̀ mọ́ wa pé, “Ẹ kú ìrìn o! Òde ìyàwó lẹ̀ ń lọ ni?” Mo sanwó rẹ̀, a sì ń lọ.

Lábẹ́ igi kajú la ti bá àbúrò aránṣọ náà. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ó ti pẹ́ láàrin àwọn Máhì débi pé ó ń fi èdè wọn kún tiwa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé wa. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́. Mo sọ pé èmi lọmọdé tó máa ń gbé iṣu.

Ó gbé orí sókè. Ó ní, “Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí lọ́jọ́ náà.”

Ọ̀dọ́bìnrin tó fi ọwọ́ bo ẹnu ni. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀.

Mo ní, “Ìyá, ta ni obìnrin Akpassi náà jẹ́ sí ẹ̀gbọ́n yín?”

Ó yí ojú sí ibòmíràn. Ó ní, “Ìyá mi ti kú. Ẹ má jẹ́ kí n hú egungun rẹ̀ jáde fún yín.”

Mo bẹ̀ ẹ́. Ọ̀dọ́kùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́. Ó ṣe bí ẹni pé kò gbọ́. Arábìnrin yín ló wá kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ ìyá náà, ó gbé e lé ikùn ara rẹ̀.

Ó ní, “Ìyá, ọmọ yín kan wà níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi bóyá mo ṣẹ̀.”

Ọwọ́ ìyá náà dúró síbẹ̀ pẹ́. Ó wá ní, “Ọmọ rẹ̀ ni. Ọmọ obìnrin náà lẹ̀gbọ́n mi.”

Ọ̀dọ́kùnrin náà dìde, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Arábìnrin yín kò mira. Ní tèmi, mo gbọ́ bí ewé kajú ṣe ń já bọ́, bí ẹni pé òun nìkan ló kù láyé.

Ìyá náà ní, “Ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ọmọ ọyàn rẹ̀ ni. Kì í ṣe ọmọ inú rẹ̀.”

Ó wá sọ ọ́ fún wa. Ọmọ Djaloukou yìí gan-an ni ìyá tó bí aránṣọ, Máhì ni, orí ìkúnlẹ̀ ló sì kú sí ní Koko. Ìyá àgbà mi wà nílé kejì nígbà náà, ó ní ọkọ kan ṣáájú bàbá àgbà mi. Òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọmọ náà kú, ọmú rẹ̀ sì kún. Ó gbé ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó fi í sí ọyàn. Kò sẹ́ni tó rán an. Ọmú rẹ̀ ni ọmọ náà mu títí ó fi ń rìn. Nígbà tó yá, ọkọ rẹ̀ kú, wọ́n ní kó padà sí Akpassi. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun mú ọmọ náà lọ, wọ́n kọ̀. Bàbá ọmọ ti fẹ́ ìyàwó tuntun, ìyàwó náà sì ní ọmọ kò gbọdọ̀ ní ìyá méjì. Wọ́n sọ fún ọmọ náà pé ìyá rẹ̀ sá lọ. Nígbà tó fẹ́ ṣe ìrìbọmi, bàbá rẹ̀ ló lọ fi orúkọ ìyá tó bí i sílẹ̀ lọ́dọ̀ àlùfáà, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ fún un.

Ó ní, “Ọjọ́ tí ẹ gbé iṣu wá yẹn, ẹ̀gbọ́n mi bi ìyá mi léèrè pé ta lobìnrin yẹn. Ìyá mi ní wèrè ọjà ni. Mo gbọ́. N kò lè sọ̀rọ̀.”

Kí ọkàn wa lè balẹ̀ pátápátá, ó rán wa sí agbo ilé kan tí kò jìnnà. Àwọn Máhì ibẹ̀ kò nílò kí a ṣàlàyé púpọ̀. Wọ́n mọ̀ pé ọmọ ilé wọn kan kú sí Koko nígbà ìbímọ. Wọ́n sọ orúkọ rẹ̀ fún wa. Èyí tí a kà nínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ni.

Nígbà tí àwọn ará Koko padà wá sí Bantè, a ti gbé ìyá arúgbó náà wá. Ó sọ ọ́ lójú wọn bó ṣe sọ ọ́ fún wa. Àwọn kan rojọ́ pé ọmú kan náà ni aránṣọ àti bàbá mi mu, pé ìyẹn náà jẹ́ ìbátan. Olórí wọn kò bá wọn dá sí i. Ó dìde, ó jáde, ó rìn yí ilé mi ká. Nígbà tó padà wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n.

Ó ní, “Bàbá wa kò mọ̀. Iṣu rẹ̀ ló ń jẹ, kò mọ̀. Ó bínú sí i títí ó fi kú.”

Lẹ́yìn náà ló mú obì, ó sì pa á.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà. Àwọn tó rojọ́ ọ̀rọ̀ ọmú kò wá, títí di òní wọn kò sì tíì yà sí ilé àwọn ọmọ náà. N kò bá wọn jà. Ọmọ tí wọ́n bí ti ń rìn kiri ilé mi báyìí, ó ń fọ́ mi láwo.

Ayé ti yí padà púpọ̀. Ọmọ kò tíì sunkún tán nílé ìwòsàn tí wọ́n ti ń kọ ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n bí i sílẹ̀. Ó dára, n kò ní kí wọ́n má ṣe é. Ṣùgbọ́n mo wo ìwé ìbí ọmọ-ọmọ mi yìí. Àyè wà fún ẹni tó bí i, kò sí àyè fún ẹni tí yóò pọ̀n ọ́n, ẹni tí yóò fi oorun sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Obìnrin tó bọ́ ọmọ ọlọ́mọ yè ni ìyá àgbà mi, kò sì sí ìwé kankan ní Bantè tàbí ní Savalou tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí èyí tí a kò kọ tú ilé méjì ká. Láyé tiwa, ọmọdé kì í bi àgbà léèrè. Ẹ̀yin lè béèrè, kò sẹ́ni tí yóò nà yín. Fóònù lẹ máa ń tẹ̀ nígbà tí ẹ bá wá kí mi, ẹ ó sì tún dìde lọ. Ẹ gbé e sílẹ̀ díẹ̀. Ẹ fa àga súnmọ́ mi, kí ẹ bi mí ní ohun tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ nígbà tí mo ṣì ń fọhùn, kí ẹ má baà máa wá mi kiri nínú ìwé.